Bí Mo Ṣe Yọ Ìyá Mi Kúrò Níwájú Ilé Wọn

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ní Ọ̀yọ́ ni kí n máa yọ ènìyàn kúrò níbi tó wà, kí n sì gbé e síbi tí kò dé rí. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, á jọ iṣẹ́ gbọ́mọgbọ́mọ, àmọ́ fídíò lásán ni. Ìyàwó tó fẹ́ kí wọ́n rí òun létí òkun, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni a ti yà á, èmi ni mo máa wá òkun fún un. Àfáà tó fẹ́ kí mọ́sálásí ńlá wà lẹ́yìn òun nígbà tó bá ń ṣe wáàsí, ọ̀dọ̀ mi náà ló ń bọ̀. Gbogbo wọn ló máa ń sọ pé kí n ṣe é kó má hàn. Kò sí ẹni tó tíì sọ fún mi rí pé kí n ṣe é kó hàn.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí a ta aṣọ aláwọ̀ ewé sẹ́yìn ẹni náà. Kọ̀ǹpútà á wá gbogbo ohun tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, á yọ ọ́ dànù, ẹni náà nìkan á sì kù. Ọ̀nà kejì kò nílò aṣọ. A ó gbé kámẹ́rà lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a ò ní jẹ́ kó mira rárá. A ó kọ́kọ́ ya ibẹ̀ lófìfo, láìsí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹni náà á rìn wọ ibẹ̀, a ó tún yà á. Kọ̀ǹpútà á wá fi méjèèjì wéra. Ohun tó bá bára mu, á ní ibi ni. Ohun tí kò bá bára mu, á ní ènìyàn ni. Mo ti gba èyí gbọ́ fún ọdún púpọ̀ láìbéèrè ohunkóhun. Ní báyìí, mi ò gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Àbúrò mi obìnrin wà nílùú òyìnbó. Ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní àwọn ẹbí ọkọ tó fẹ́ fẹ́ òun fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́hùn-ún. Ìyá wa ò lè lọ, nítorí orúnkún wọn kò gbà á, ìwé ìrìnnà kò sì jáde. Àwọn ẹbí ọkọ ní kí ìyá ìyàwó kí àwọn lórí fídíò, àwọn á gbé e sójú ògiri gbọ̀ngàn kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Mo ní kò le, èmi ni mo máa yà á. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí ilé yẹn.”

“Ilé wo?”

“Ẹ mọ ilé tí mò ń sọ.”

Inú bí mi. Mo bi í pé ṣé ilé tí wọ́n bí i sí ló ń pè ní ilé yẹn. Mo sọ̀rọ̀ tó pọ̀, mo tiẹ̀ ń gbádùn rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní ìyàwó àbúrò bàbá ọkọ òun ti bi òun lẹ́ẹ̀mejì bóyá iná ń dé ibi tí òun ti wá. Ó ní bí obìnrin náà bá fi rí ògiri wa, kò ní í béèrè mọ́, á ti mọ ìdáhùn. “Ẹ fi Màámi sí pálọ̀ kan tó dáa. Ẹ̀yin lẹ ń ṣe é fún gbogbo ayé. Ẹ má sì sọ fún wọn o, ẹ jọ̀ọ́. Kó má dùn wọ́n.”

Mo fẹ́ bú u sí i, àmọ́ nǹkan kan dá mi lẹ́kun. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé Ọ̀yọ́, mi ò mú ọ̀rẹ́ kankan lọ sílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Bí wọ́n bá ní kí a jọ lọ kí Màámi, mo máa ń sọ pé ọ̀nà ò dáa. Ọ̀nà náà kò sì burú tó bẹ́ẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́.

Ilé wa kò jìnnà sí Ọjà Igbó, níbi tí ìyá mi ti ń ta òwú ìránṣọ, síìpù àti bọ́tìnnì. Ilé alámọ̀ ni. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ, bàbá mi sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kí wọ́n tó kú. Sìmẹ́ǹtì náà ti ń ṣí kúrò níbi púpọ̀, amọ̀ pupa sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Èmi ò rí gbogbo èyí tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tí mo gbé kámẹ́rà dé ibẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, ó sì ṣe mí bákan pé ojú àwọn àna tí mi ò mọ̀ rí ni mo fi ń wò ó.

Mi ò lè lo aṣọ aláwọ̀ ewé. Léèsì tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí ìyá mi fún ọjọ́ náà, àwọ̀ ewé gan-an ni, kọ̀ǹpútà á gé wọn kù sí orí àti ọwọ́. Àti pé bí mo bá ta aṣọ bo ògiri, ìyá mi á bi mí léèrè ohun tí mò ń bò. Wọn kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń bo nǹkan lójú wọn kí wọ́n má béèrè. Nítorí náà, ọ̀nà kejì ni mo mú. Mo gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, mo to òkúta ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n lè mọ ojú ibẹ̀, mo sì ń ya iwájú ilé lófìfo. Léèsì náà ṣì wà lọ́dọ̀ aránṣọ, nítorí náà mo mọ̀ pé mo ṣì máa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti ya Màámi fúnra wọn.

Ìyá mi jáde síta. “Kí lo ń yà níbi tí kò sí ènìyàn?”

“Mò ń wo bí oòrùn ṣe ń bà á ni, Màámi.”

“Ilé lò ń yà.”

“Ẹ jẹ́ ká sọ bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́yìn kámẹ́rà, wọ́n sì wo ilé náà pẹ́. Wọ́n ní, “Ó ti gbó o.” Mo ní kò gbó. Wọ́n ṣì ń wò ó.

Nígbà tí mo padà dé lọ́sẹ̀ kejì, ọlọ́kadà gbé mi dé iwájú ilé, mo sì sọ fún un pé kì í ṣe ibí. Wọ́n ti kun ilé náà. Òkè rẹ̀ dà bí ìpara, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀ bíi kọfí, wọ́n sì ti fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ibi tó ń ṣí. Iwájú nìkan ni o. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wà bó ṣe wà. Pẹ́ńtà ló kun òkè, àmọ́ ìyá mi fúnra wọn ló fi orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn bẹ̀rẹ̀ láti kun ìsàlẹ̀. Wọ́n jáde sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín, léèsì ti wà lára wọn, ọ̀dà ṣì wà léèékánná wọn.

“Àwọn àna wa ò ní lè sọ pé inú igbó la ti mú ọmọ wa jáde. Ibo lo máa gbé kámẹ́rà sí kó lè gba gbogbo ilé?”

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ níbẹ̀. Ó tún yẹ kí n pe àbúrò mi kí n sọ fún un pé ilé ti dáa báyìí. Àmọ́ ṣé ó ti dáa? Mo tún wò ó, mi ò mọ̀. Lójú ìyá mi, ó dáa. Lójú obìnrin tó ń béèrè bóyá iná ń dé ibẹ̀, mi ò mọ̀ rárá. Orí mi dàrú débi pé mo kàn tọ́ka sí àwọn òkúta ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní, “Ibí náà ni, Màámi.”

Mo ní kí wọ́n rìn wọ ojú kámẹ́rà láti ọwọ́ òsì, kí wọ́n dúró láàárín, kí wọ́n sì kí àwọn àna. Wọ́n rìn dé àárín, wọ́n sì dúró gbagidi bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìdìbò. Apá méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, wọn ò ṣẹ́jú.

“Màámi, fídíò ni. Ẹ máa mira.”

“Tí mo bá mira, kò ní í bàjẹ́?”

Ní ayé tiwọn, ayàwòrán á ní kí ènìyàn má tiẹ̀ mí. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin kí ara wọn tó balẹ̀. Nígbà tó wá bọ́ sí i, ó dùn mọ́ mi nínú. Wọ́n pe àwọn àna wọn ní ọ̀rẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ṣàdúà fún ilé tí ọmọ wọn ń lọ, wọ́n sì ní bí àwọn àna bá wá sí Nàìjíríà, kí wọ́n má wọ hòtẹ́ẹ̀lì, yàrá wà. Wọ́n fi ọwọ́ júwe ilé tó wà lẹ́yìn wọn.

Ó yẹ kí n tún ya ibẹ̀ lófìfo lẹ́yìn èyí. Àmọ́ àwọn ará àdúgbò ti dé láti wá wo ọ̀dà tuntun. Bí ìkan bá kúrò, méjì á dé, gbogbo wọn ló sì ń dúró síwájú kámẹ́rà. Mo ní kò burú, mo ti ya òfìfo lọ́sẹ̀ tó kọjá, òkúta kò sì kúrò lójú kan. Mo dúró síwájú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun, mi ò sì ronú kan ọ̀dà. Ẹni tó fi iṣẹ́ yìí jẹun fún ọdún púpọ̀ ni mo jẹ́ o.

Ní Ọ̀yọ́, mo kó fídíò méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà, mo sì ní kó fi wọ́n wéra. Nígbà tó parí, mo jókòó, mò ń wò ó. Ó yọ ìyá mi jáde dáadáa. Ó sì yọ gbogbo iwájú ilé jáde mọ́ wọn: ògiri, férémù fèrèsé, títí dé àlòkù garawa ọ̀dà tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Páànù tó dípẹtà nìkan ló pè ní ibi, ó sì yọ ọ́ dànù. Èyí tó kù, lójú tirẹ̀, ènìyàn ni.

Fún bíi ìṣẹ́jú mélòó kan, mo rò pé ẹ̀rọ náà ló ti bàjẹ́. Mo pa á, mo tún un tàn. Ó tún gbé ìyá mi jáde pẹ̀lú ilé wọn. Ìgbà náà ni mo rántí ọ̀dà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá ní kó fi ògiri sílẹ̀, á mú àgbọ̀n ìyá mi lọ mọ́ ọn. Bí mo bá gba àgbọ̀n padà, ògiri á tún tẹ̀lé e. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi ń bá a fà á. Oníbàárà wọlé, mo ní kó padà wá. Inú ń bí mi sí ìyá mi, inú ń bí mi sí àbúrò mi, mi ò sì mọ ohun tí ìkankan nínú wọn ṣe fún mi.

Níkẹyìn, mo pinnu láti fi ọwọ́ gé e. Ìṣẹ́jú àáyá kan nínú fídíò, àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Mo ń tọ etí ara ìyá mi lọ nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, láti etí gèlè sí èjìká, sí ìgbọ̀nwọ́, sí ìka. Mi ò tíì wo ìyá mi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo rí i pé èjìká òsì wọn ti sọ̀ kalẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ìgbà wo nìyẹn ṣẹlẹ̀? Mo dé ibi èékánná, mo rí ọ̀dà àwọ̀ kọfí, mo sì dúró. Ṣé ara ìyá mi ni, àbí ara ògiri? Bí mo bá gé e, ihò á wà lórí ìka. Bí mo bá fi sílẹ̀, ilé ṣì wà lára wọn. Ẹ̀rín pa mí, lẹ́yìn náà ni ojú mi kún. Mo fi í sílẹ̀.

Mo wá àwòrán pálọ̀ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àga aláwọ wà níbẹ̀, kọ́tìnì gùn dé ilẹ̀, tábìlì onígíláàsì wà láàárín, iná olówó iyebíye sì rọ̀ láti àjà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ìyá mi sí i, wọ́n tóbi jù, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iná náà. Mo ní láti dín wọn kù kí wọ́n tó bá àga mu. Mo ṣe òjìji sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo gé ibi tí wọ́n ti fi ọwọ́ júwe ilé kúrò. Mo fi ránṣẹ́.

Àbúrò mi pè, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. “Bọ̀dá mi, ẹ ṣé gan-an. Ẹ wo Màámi bí ìyá olówó!” Inú mi dùn, ojú sì tì mí, mi ò mọ èyí tó ju èkejì lọ.

Ìyá mi náà pè. “Ó yá, gbé e wá kí n wò ó.” Mo ní kò tíì parí. Wọ́n tún pè, mo ní kò sí iná. Ìgbà tí wọ́n pè lẹ́ẹ̀kẹta, irọ́ ti tán lẹ́nu mi. Mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi àti kámẹ́rà, mo sì wọ mọ́tò. Fídíò méjèèjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà náà, ti pálọ̀ àti èyí tí mi ò gé. Bí mo bá fi èyí tí mi ò gé hàn wọ́n, wọ́n á rí ilé wọn pẹ̀lú ọ̀dà rẹ̀, inú wọn á dùn, ọ̀rọ̀ á sì parí. Mo ń rò ó láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò sì mọ èyí tí mo máa mú.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, a jókòó sórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan mi. Títí di òní, mi ò lè sọ ohun tó darí ọwọ́ mi. Ti pálọ̀ ni mo ṣí.

Wọ́n wò ó tán. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sún mọ́ ọn.

“Èmi nìyí?”

“Ẹ̀yin ni, Màámi.”

“Ilé ta nìyí?”

“Kì í ṣe ilé ẹnìkan. Àwòrán lásán ni.”

“Ilé tí wọ́n to àga sí báyìí, tí wọ́n tanná sí, ó ní ẹni tó ni ín.” Wọ́n tún wò ó. “Ilé tèmi dà?”

“Mo yọ ọ́.”

“Ìwọ lo rò ó, àbí àbúrò rẹ?”

Mo fẹ́ sọ pé àbúrò mi ni. Ó wà lẹ́nu mi. “Àwa méjèèjì ni,” ni mo gbọ́ tí mo sọ.

Wọ́n mi orí. Wọn ò bú mi, wọn ò sì sunkún. Ì bá tù mí lára ká ní wọ́n bú mi. Wọ́n fi ìka tó ní ọ̀dà kan ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ti dúró láàárín àga.

“Mi ò kí onílé.”

“Kí lẹ wí, Màámi?”

“Wò ó. Mo kàn rìn wọ pálọ̀ olówó, mo dúró sáàárín àga wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà. Mi ò ké àgò, mi ò kí ẹnikẹ́ni. Kí ni àwọn àna á sọ? Wọ́n á ní ìyá ìyàwó ò lẹ́kọ̀ọ́. Ilé mi ni mo rò pé mo wà, ni mi ò ṣe kí ẹnì kankan.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ń dápàárá ni. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kò sí ẹni tó máa ronú bẹ́ẹ̀, mo ní mo lè tún nǹkan ṣe, mo tiẹ̀ ní mo lè pe àbúrò mi báyìí kí a fi ilé sí i padà. Wọ́n ní ọmọ náà ti ní kò fẹ́ ilé, kí n má fi ti àwọn bà á lọ́jọ́ jẹ́. Wọ́n ti ń dìde pẹ̀lú ọwọ́ lórí orúnkún, wọ́n ní kí a tún fídíò náà yà, wọ́n sì wọ yàrá lọ wọ léèsì. Mi ò mọ̀ bóyá ìyà ni wọ́n fi ń jẹ mí, tàbí wọ́n ń ràn mí lọ́wọ́. Mo ti bi ara mi lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà, mi ò sì tíì mọ̀.

Mo gbé kámẹ́rà síta. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ ya iwájú ilé lófìfo, pẹ̀lú ọ̀dà tuntun rẹ̀, mo sì rí i dájú pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìyá mi jáde, wọ́n lọ dúró ní ọwọ́ òsì, níbi tí kámẹ́rà kò ti rí wọn. Mo ní, “Ó yá, Màámi.”

Wọ́n rìn wọ ojú kámẹ́rà díẹ̀, wọ́n sì dúró. Wọ́n tẹ orúnkún tó ń dùn wọ́n náà ba, wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn ara wọn, wọ́n ní, “Àgò onílé o.”

Kò sí ẹni tó dáhùn. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, orúnkún ṣì tẹ̀. Wọ́n tún ní, “Àgò onílé o. Ṣé kò sí ènìyàn nílé ni?”

Mo rí i pé wọn ò ní í rìn títí ẹnìkan fi máa dáhùn. Láti ẹ̀yìn kámẹ́rà, mo ní, “Àgò yà. Ẹ máa wọlé, mà.”

“Ẹ ṣé o,” ni ìyá mi wí. Wọ́n bọ́ bàtà wọn sílẹ̀ lórí erùpẹ̀ iwájú ilé wọn, wọ́n sì wọlé.